Ìwé Ọdún Tó Bẹ̀rẹ̀ Láti Ẹ̀yìn

Àárọ̀ Sátidé ni. Iná ti dé láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, kò sì tíì lọ. Ní Bajulaiye, níhìn-ín ní Ṣómólú, bí iná bá dúró báyẹn, kò sẹ́ni tó ń sinmi. Gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní òpópónà wa ló ń ké. Tèmi ti ṣe tirẹ̀ tán. Bébà tó tẹ̀ wà nílẹ̀ ní òkìtì òkìtì, wọ́n ṣì ń rùn yíǹkì.

Ìwé Ọdún ẹgbẹ́ wa ni, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde Ilé-ìwé Gírámà Ìmọ́lẹ̀, Bàrígà. Ọdọọdún la máa ń kó o jáde ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé náà. Ọdọọdún lèmi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá rà á lọ́jọ́ ìkójáde kì í san iye tí bébà jẹ́. Ohun tí ọkàn rẹ̀ bá gbé ló ń san. Owó yẹn la fi ń rán àwọn ọmọ tó jáde nílé-ìwé wa lọ sí yunifásítì. Méje ló wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́.

Fadékẹ́ ni yóò ṣe ìkẹjọ, bí ó bá bọ́ sí i.

Ọmọ Suliat ni, obìnrin tó ń lẹ ẹ̀yìn ìwé ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi. Orí bébà ni Fadékẹ́ ti kọ́ ìjókòó. Lọ́dún tó kọjá, yunifásítì gbà á láti kọ́ iṣẹ́ apoògùn. Kò rí owó ìwọlé san. Àyè náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún ìdánwò ṣe, wọ́n tún gbà á. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀. Ẹgbẹ́ ti sọ ọ́ kò ṣẹ́ku: bí ìkójáde ìwé bá lọ dáadáa, a ó mú un. Bí kò bá lọ dáadáa, àwọn méje náà ni.

Ìwé ti wà. Àwọn tí yóò tò ó ni kò sí.

Ní Ṣómólú, a kì í wá ẹ̀rọ to irú ìwé bẹ́ẹ̀. A máa ń gbé tábìlì yí ṣọ́ọ̀bù ká, a ó to òkìtì bébà sórí wọn lẹ́sẹẹsẹ, láti ojú-ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Àwọn obìnrin á máa rìn yí i ká. Wọ́n á mú ẹyọ kan níbí, wọ́n á mú ẹyọ kan lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá yípo dé ẹnu ọ̀nà, odindi ìwé kan ti wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan gbé iṣẹ́ wá sí òpópónà wa. Gbogbo àwọn tó ń to ìwé ló lọ síbẹ̀. Suliat náà lọ. Ó ti gba àsansílẹ̀ kó tó mọ̀ pé ìwé wa máa pẹ́.

Mo pe Hameedat. Òun ló ń ṣe olórí àwọn méje. Òfin ló ń kọ́.

"Bàbá, ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé," ó ní. "À ń bọ̀."

Wọ́n dé bí ìjì. Wonder ló ṣíwájú. Bàrígà ni wọ́n ti bí i, ará Ùrhobo ni bàbá rẹ̀. Ìṣirò owó ló ń kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ẹnu ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ọdẹ́! Níbo ni ìjà wà?"

"Ìjà kọ́. Iṣẹ́ ni."

"Ọ̀kan náà ni, Bàbá. Ẹ ṣáà fi ọ̀tá hàn mí."

Fuad tẹ̀lé e. Ọdún yìí ló ń parí ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ. Kò tíì kí mi tán tó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ẹ̀rọ tó ń fi wáyà rán ìwé.

"Bàbá, ta ló ń fi òróró sí èyí?"

"Èmi ni."

"Ó hàn."

"Ó hàn báwo?"

"Ó dáa, sà. Ó dáa gan-an." Ó yára jókòó sídìí rẹ̀.

Fadékẹ́ ti wà níbẹ̀ kí gbogbo wọn tó dé. Òun ló gbá ilẹ̀. Òun ló to òkìtì bébà sórí tábìlì. Ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó nàka sí ẹsẹ̀ wọn.

"Ẹ̀yin ará yunifásítì, ẹ bọ́ bàtà. Eruku ò gbọdọ̀ kan bébà."

"A ti gbọ́, apoògùn," Hameedat dáhùn.

"Mi ò tíì wọlé."

"O ti wọlé jàre. Ẹsẹ̀ rẹ ló kù níta."

Fadékẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀. Ó ń fi ìka tún etí òkìtì kan tó ti tọ́ tẹ́lẹ̀ ṣe.

Mo fi ọ̀nà hàn wọ́n. Apá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà ni òkìtì àkọ́kọ́ wà. Àwòrán alága wa ló wà lórí rẹ̀, Síníọ̀ Beatrice, àti ọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀. Apá òsì ni òkìtì ìkẹyìn wà. Fadékẹ́ ló wà níbẹ̀, òun nìkan, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ ẹgbẹ́ lábẹ́ àwòrán rẹ̀. Fuad jókòó sáàárín méjèèjì. Ẹni tó bá yípo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò já ìwé lé e lọ́wọ́. Yóò rán an. Fadékẹ́ yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi yóò gé etí rẹ̀ kó dọ́gba.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ gbà lọ," mo ní. "Ẹ má yà."

"A ò ní yà, Bàbá."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọn ò yára. Wọ́n ń bá bébà jà bí ẹni tó ń ya ewé tó lẹ̀ pọ̀. Ẹnì kan mú méjì pọ̀. Ẹnì kan fò ọ̀kan. Fuad ń jókòó lásán. Mo wo oòrùn níta. Aago mọ́kànlá ọjọ́ náà ni ìkójáde.

"Ẹ gbọ́ o," Wonder ní. "Àwa yìí ń rìn bí ẹni tó ń sin òkú ẹni ẹlẹ́ni. Ṣé ẹ ò lè kọrin ni?"

"Orin wo?"

"Orin wo la tún ní?"

Ó gbé e. Orin ilé-ìwé wa ni. Kò sí ọmọ Ìmọ́lẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Òun là ń kọ láràárọ̀ láti pápá dé kíláàsì, lórí ìlà.

*Ẹsẹ̀ wa ti yá, ọ̀nà ti là,*
*Ọmọ Ìmọ́lẹ̀ létí ọ̀sà.*
*Ẹ yíjú padà, ẹ wẹ̀yìn wò,*
*Ẹnìkan kù, ẹ fà á lọ́wọ́.*

Nǹkan yí padà lójú ẹsẹ̀. Orin gba ọwọ́ wọn. Bébà ń fò kúrò lórí òkìtì. Ẹsẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ pọ̀, gìrì, gìrì, gìrì. Ẹ̀rọ Fuad bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn: tá, tá, tá. Mo kọjú sí ẹ̀rọ agébébà tèmi, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ìwé ń dé bá mi ní ìdì ìdì.

Bí wọ́n bá yípo dé ọ̀dọ̀ Fuad ni orin ń kan *Ẹ yíjú padà*, mo sì ń gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń yí. Bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń rí láti ìgbà èwe mi. Bí a bá ti kan gbólóhùn yẹn lórí ìlà, gbogbo wa á yí padà, a ó máa rìn lọ síbi tí a ti ń bọ̀ títí orin á fi parí. Ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ló fi lélẹ̀. Ó ní kí ẹni tó ń lọ sí kíláàsì kọ́kọ́ wò bóyá ẹnì kan ti ṣubú lẹ́yìn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yìí, ó dùn mọ́ mi. Mo ń gé bébà lọ.

Àwọn aládùúgbò yọjú. Ọ̀kan lára àwọn tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó la ẹnu sílẹ̀.

"Bàbá Ọdẹ́, níbo lẹ ti rí irú òṣìṣẹ́ yìí?"

"Yunifásítì."

"Ẹ bá mi mú méjì wá."

"Àwa ò wọ́n o, sà!" Wonder kígbe láti ìdí tábìlì. "Ìrẹsì àti ẹran méjì péré!"

Òkìtì rọ̀. Òkìtì tán. Fadékẹ́ lẹ ìwé tó kẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Gọ́ọ̀mù ti dé ìgúnpá rẹ̀. Àwọn ọmọ náà hó yèè bí ẹni tó jẹ góòlù. Ìwé dúró tìrí lórí tábìlì, gbogbo wọn rí bákan náà, èèpo wọn aláwọ̀ omi ń dán. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Ó pẹ́ tí mo ti rí i tó yá báyẹn.

A kó ìwé sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Èmi àti Fadékẹ́ wà nínú ti àkọ́kọ́, ìdì ìwé lórí itan wa. Àwọn yòókù há mọ́ra nínú àwọn tó tẹ̀lé wa, wọ́n ṣì ń kọrin. A kúrò ní Bajulaiye. A yà sí ọ̀nà Bàrígà. Fadékẹ́ ò lè mú ara dúró mọ́. Ó yọ ìwé kan nínú ìdì, ó ṣí i.

Ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Bàbá, ẹ ò sọ fún mi."

"Kí ni?"

"Pé èmi lẹ fi ṣíwájú."

Ó gbé ìwé náà kò mí lójú. Òun ló wà ní ojú-ìwé àkọ́kọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín àti kọ́là funfun. Mo gba ìwé náà. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Síníọ̀ Beatrice ń wò mí láti ojú-ìwé ìkẹyìn. Mo mú òmíràn. Èyí dáa. Mo mú ẹ̀kẹta. Fadékẹ́ ló tún wà níwájú.

"Orin," mo ní.

"Orin báwo?"

"Wọ́n yí padà."

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Yéè! Ìpo kan lọ́tùn-ún, ìpo kan lósì! Bàbá, wọ́n ń to òmíràn láti ẹ̀yìn wá!"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo wà níbẹ̀. Mo wò wọ́n. Ojú mi ò rí i pé ó burú."

"Etí tèmi náà ò gbọ́ pé ó burú."

Awakọ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ṣé kí n dúró ni, Bàbá?"

"Máa lọ."

Ohun tó le níbẹ̀ nìyí. Síníọ̀ Beatrice ló máa ń kọ́kọ́ ṣí ìwé lójú gbogbo èrò. Kíláàsì kan ló fi ṣíwájú mi nílé-ìwé, títí di òní Síníọ̀ ni mò ń pè é. Mẹ́tírọ́ọ̀nù ni ní ọsibítù kó tó fẹ̀yìn tì. Kò gba ìgbàkugbà. Ní ìgbà kan, ó ṣí Ìwé Ọdún, kò rí àwòrán ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti dolóògbé níbi tó yẹ kó wà. Ó pa ìwé dé. Ó gbé báàgì rẹ̀. Ó jáde. Bó ṣe ń jáde ni àpò àwọn tó kù ń pa dé. Lọ́dún náà, a ò mú ọmọ tuntun kankan.

A dé ilé-ìwé. Èrò ti kún. Mo kó àwọn ọmọ náà sẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí ọ̀sà ti hàn. Mo sọ fún wọn. Orin kú lẹ́nu wọn.

"Èmi ló yẹ kí n wò ó," Fuad ní. "Ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ kọjá. Mo kàn ń rán an lọ."

"Èmi ni mo gbé orin," Wonder ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí kò ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún wọn kí wọ́n tó ṣí i," Hameedat ní.

"Kí la máa sọ? Pé a jó mọ́ iṣẹ́?"

"Ó sàn ju kí wọ́n fojú ara wọn rí i."

Mo wo Fadékẹ́. Ó ń wo omi. Ó ń fi èékánná ha gọ́ọ̀mù tó gbẹ sí i lápá.

"Ẹ wá èyí tó dáa kan," mo ní. "Ẹ fi ríbọ́ǹ dè é. Òun ni kí ẹ gbé fún Síníọ̀. Àwọn tó kù, a ó yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe ń tà á."

Hameedat ò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pè wá nínú gbọ̀ngàn. A wá èyí tó dáa. A fi ríbọ́ǹ pupa dè é.

Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu fèrèsé. Wọ́n jókòó ní sẹ́ẹ̀tì sẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀sín. "Ẹ̀yin tí ẹ ń jí máńgòrò ọ̀gá!" "Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ojú fèrèsé wọlé!" Atẹ́gùn ọ̀sà ń wọlé. Síníọ̀ Beatrice dìde, aṣọ rẹ̀ funfun, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Hameedat kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé oníríbọ́ǹ náà fún un.

Síníọ̀ wo ríbọ́ǹ.

"Kí lèyí? Ọjọ́ ìbí mi ni?"

"Rárá, mà. Tiyín ni, mà."

"Ẹ gbé èyí tí ẹ dì lọ́ṣọ̀ọ́ fún àlejò. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ tà fún gbogbo ayé."

Ó rìn lọ sídìí tábìlì. Ó kọjá ìwé òkè. Ó ki ọwọ́ sáàárín òkìtì, ó fa ọ̀kan yọ.

Mo ń wo ọwọ́ yẹn. Mo ń sọ nínú mi pé, ó lè jẹ́ èyí tó dáa.

Ó ṣí i. Ó wò ó. Ó ṣí ojú-ìwé kejì. Ó padà sí àkọ́kọ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú.

"Ọdẹ́túnjí."

Mo dìde. "Síníọ̀."

"Ṣé ojú mi ló ń ṣe mí ni, àbí mo ti padà di ọmọge?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Ojú yín dáa."

"Èmi dà?"

"Ẹ wà lẹ́yìn."

"Lẹ́yìn!" ẹnì kan tún un sọ láti ìlà àárín, bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́.

"Iṣẹ́ mi ni," mo ní. "Kì í ṣe tàwọn ọmọ."

Ó pa ìwé náà dé. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sídìí báàgì rẹ̀ lórí àga. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Gbogbo gbọ̀ngàn ló mọ̀ ọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kì í ṣe Bàbá."

Fadékẹ́ ti bọ́ sáàárín ilé. Apá rẹ̀ kún fún gọ́ọ̀mù. Síníọ̀ yíjú sí i, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí báàgì.

"Ìwọ lo wà nínú àwòrán."

"Èmi ni, mà."

"Ta ló gbé ọ síwájú alága?"

"Orin ni, mà."

"Orin?"

"Orin ilé-ìwé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń yípo to ìwé, kí iṣẹ́ lè yá. Nígbà tí orin ní kí wọ́n yíjú padà..." Ó fi ìka yípo. "Wọ́n yí padà, mà. Wọ́n wá ń to ìwé láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Kò sẹ́ni tó fura nínú gbogbo wa. Ilé-ìwé yìí ni gbogbo wa ti jáde."

Ẹnì kan fọ́n ẹ̀rín jáde lẹ́yìn. Ẹlòmíràn gbà á. Síníọ̀ gbé ìka kan sókè, ẹ̀rín dúró.

"Ọdẹ́túnjí, níbo lo wà?"

"Mo wà níbẹ̀."

"O ò gbọ́ ẹsẹ̀ wọn?"

"Mo gbọ́."

"O wá dákẹ́?"

"Ó dún bó ṣe yẹ kó dún, Síníọ̀."

Ó wò mí pẹ́. Atẹ́gùn ń ṣí èèpo ìwé náà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó yíjú padà sí Fadékẹ́.

"Kí ni orin sọ lẹ́yìn pé ká yíjú padà?"

Fadékẹ́ ò sọ ọ́. Ó kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kéré.

*Ẹnìkan kù, ẹ fà á lọ́wọ́.*

"Mi ò gbọ́. Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìlà kejì, Wonder ti gbè é. Hameedat gbè é. Fuad, tí kò lóhùn orin rárá, gbè é. Kí wọ́n tó dé ìlà kẹta, gbogbo gbọ̀ngàn ti dìde. Nígbà tó kan *Ẹ yíjú padà*, gbogbo wa yí. Àga ń wó. Ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀pá rìn kọ́kọ́ yí ọ̀pá kó tó wá yí ara. Àwọn tó ti di ìyá àgbà, àwọn tó ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́, wọ́n yí bí ọmọ ọdún méjìlá. Èmi náà yí.

Suliat ló wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ó ti yọ́ kúrò níbi iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì gọ́ọ̀mù lọ́wọ́, gbogbo ilé sì yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ta gìrì. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀ o," ó ní. "Ṣé mo pẹ́ ni?"

Ẹ̀rín ya ilé. Nígbà tí a fi máa kọjú síwájú padà, Síníọ̀ Beatrice ti kúrò nídìí àga. Ọwọ́ tó wà lórí báàgì ti di ti Fadékẹ́ mú.

"Ẹni kẹjọ rèé," ó ní. "Ta ló ń bá mi fà á?"

Mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Wọn ò dúró kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ. Sẹ́ẹ̀tì kan dìde, òmíràn sáré kọjá wọn. "Ẹ jẹ́ kí àgbà kọ́kọ́ sanwó!" "Àgbà wo? Ṣé ẹ̀yin tí wọ́n ká ẹyin mọ́ lọ́wọ́ ní bọ́ọ̀dìn?" Wonder gun orí àga, ó ń ké ìwé bí ẹni tó ń ké búrẹ́dì. Fuad ń fi ìwé lé wọn lọ́wọ́, Hameedat ń gba owó, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tò. Kò sẹ́ni tó tò. Suliat ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, búrọ́ọ̀ṣì sórí itan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Kò pẹ́, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nídìí tábìlì. Ọkùnrin ńlá kan na ìwé rẹ̀ sókè.

"Ẹ gbà á o! Tèmi yìí ò dáa! Alága ni mo kọ́kọ́ rí!"

"Ta ló ní rírí mi ò dáa?" Síníọ̀ bi í.

"Ẹ má bínú, Síníọ̀! Èyí tó yí padà ni mo fẹ́ o!"

Gbogbo àwọn tí tiwọn tọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Èyí tó yí padà ni wọ́n ń fẹ́. Ìyẹn ò tó kárí. Mo ní kí wọ́n kó tiwọn jọ, kí wọ́n kọ orúkọ sí i, màá yí i fún wọn.

Bí èrò ti ń túká, Síníọ̀ pè mí.

"Lọ́dún tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Ọmọ tuntun ni kó ṣíwájú. Kó o fi mí sẹ́yìn."

"Ó dáa, Síníọ̀."

"Má rò pé mo ti foríjì ọ́."

"Rárá, Síníọ̀."

Ó gbé báàgì rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rẹ́rìn-ín nígbà tó rò pé mi ò wò ó mọ́.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn ọmọ náà tún kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù mi kí wọ́n tó padà sí yunifásítì. A tú wáyà kúrò lára àwọn ìwé tó tọ́. A tún òkìtì tò. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí Fadékẹ́ sáré wọ òpópónà. Ó di ìwé kan mú ga sókè bí ẹni tó ń gbé àwo ọbẹ̀ kọjá láàárín èrò. Suliat bẹ́ síta láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Màámi, ẹ wò ó! Wọ́n ti lu òǹtẹ̀! Mo ti wọlé!"

"Gbé e jìnnà sí mi! Ọwọ́ mi ní gọ́ọ̀mù!"

"Ẹ gbà á, ẹ kà á!"

"Mo ní gbé e jìnnà! Dì í mú bẹ́ẹ̀, kí n fojú kà á!"

Ó kà á níbẹ̀, ní ojú títì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kà á tán. Ó tún un kà. Àwọn tó ń tẹ ìwé jáde láti ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan pa ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè gbọ́. Ní Bajulaiye, ẹnikẹ́ni kì í pa ẹ̀rọ nígbà tí iná bá wà.

Fadékẹ́ fi ìwé náà sínú ọ̀rá, ó gbé e sórí pẹpẹ mi. Ó bọ́ bàtà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gba àyè Hameedat. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Ọwọ́ òsì ni kí ẹ gbà lọ lónìí," mo ní fún gbogbo wọn. "Òsì nìkan. Ẹ má kọrin."

"A ti gbọ́, Bàbá," Wonder ní.

Mo yí padà sídìí ẹ̀rọ mi. Mi ò tíì tàn án tí wọ́n ti gbé orin.